Kí Ẹ̀rọ Yín Di Ẹ̀rọ̀

 Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ mọ́jú àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi díẹ̀, kí ohùn àgbà lè dé etí ọmọ. Òní ni ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, ọjọ́ tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, ti ń fi ṣe ọjọ́ ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 2003. Ẹ ní kí n wá wúre fún yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ẹ rántí mi. Bí ẹ bá wo ọwọ́ ọ̀tún tí mo nà sókè yìí, ẹ ó rí i pé ìka mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ náà ni n ó fi wúre. Kò pé, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń tọrọ.

Ẹni tó ń ṣe Àmín, kó ṣe Àmín. Ẹni tó ń ṣe Àṣẹ, kó ṣe Àṣẹ. Ọba kan náà ló ń gbọ́.

Ìbà Olódùmarè, tó dá ọwọ́ kí ọwọ́ tó rọ irin. Ìbà Ògún, onírin, tó ni èyí tó ń gé àti èyí tó ń lọ̀. Ìbà ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ yìí dúró lé. Ìbà ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ kọjá nídìí ẹ̀rọ, tí ẹ fi ìka sílẹ̀, tí ẹ fi apá sílẹ̀, tí àwọn mìíràn nínú yín kò padà sílé, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ orúkọ yín sára ògiri. Mo júbà, kí ìbà mi ṣẹ.

Kí n tó tọrọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ẹnu mi. Ọdún 2013 ni. Mò ń ṣe káṣúà ní ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ìwúre ni mo bá wá, n kò bá ẹjọ́ wá. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ní irin róbótó méjì tí ń yí kojú síra wọn; àárín wọn ni a ń ki ìyẹ̀fun pípò bọ̀ títí yóò fi jọ̀lọ̀. Ìdájí ni, iṣẹ́ ti parí, ó ku kí a fọ ẹ̀rọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé káṣúà ni wọ́n ń fi iṣẹ́ fífọ̀ sílẹ̀ fún, nígbà tí ojú ti wúwo, tí ọkàn ti ń rò ó bí yóò ṣe bá ọkọ̀ àkọ́kọ́. A ti yọ irin ààbò kúrò kí àkísà lè dé ibi tí ìyẹ̀fun gbẹ sí. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni NEPA mú iná. Ẹ̀rọ dúró. Mo ní, “Ọlọ́run ti bá mi pa á.” Mo ki ọwọ́ bọ àárín irin méjèèjì, mò ń ha, mò ń nù. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí iná fi dé. Gbogbo àdúgbò hó yèè pé “Ọ́ọ̀pù NEPA!” Ariwo ayọ̀ yẹn ló bo igbe mi mọ́lẹ̀.

Iná nìkan ló lọ. Bọ́tìnnì kò kúrò níbi tó wà. Ẹ̀rọ tó dákẹ́ kò tíì kú, n kò mọ̀.

Wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn, wọ́n sanwó ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, máníjà gbé ìwé kan wá pé mo ti gba owó táṣẹ́rẹ́ kan, n kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́ láé. Báńdéèjì ti bo ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni mo fi tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo lọ sílé, mo dákẹ́. Òfin tí ì bá gbèjà mi ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2010. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, èmi náà kò sì bi ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìdákẹ́ méjì ló bá mi jà: ìdákẹ́ ẹ̀rọ tó tàn mí jẹ, àti ìdákẹ́ èmi fúnra mi tó gba ẹ̀tọ́ mi lọ. Àwọn méjèèjì ni mo wá wúre sí lónìí, kí wọ́n má bá ọmọ ẹnikẹ́ni jà mọ́.

Ẹ wo ohun tí mo tò sórí tábìlì. Àwọn baba wa a máa fi obì, orógbó, oyin àti ataare wúre. Obì wà níbẹ̀, ẹ ó jẹ ẹ́ tí a bá parí. Ṣùgbọ́n omi tútù, àgádágodo, kọ́kọ́rọ́, páálí pupa, àkísà, ìwé àti bírò ni n ó gbé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo mú omi tútù. A kì í bá omi ṣọ̀tá. Ẹ̀rọ̀ ni ti ìgbín. Kí ẹ̀rọ yín di ẹ̀rọ̀ fún yín. Ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, kó di ẹ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ lábà, ẹ̀rọ tó ń la igi ní sọ̀míìlì, ẹ̀rọ tó ń fọ́ ike ní Ọ̀tà àti ní Àgbárá, ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kí gbogbo wọn di ẹ̀rọ̀. Ìyá tó ń fọ ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kí ọjà tó tú, kí bẹ́líìtì má fa ìró rẹ̀, kó má fa ìborùn rẹ̀, kó má fa ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Omi yìí kan náà, bó bá pàdé iná mànàmáná, kì í tu ni lára mọ́, pípa ló ń pa ni. Kí ẹ má fi ọwọ́ tútù kan bọ́tìnnì. Kí ẹ má bu omi lu mọ́tọ̀ tí iná ṣì ń wọ inú rẹ̀. Omi tí ẹ fi ń fọ ẹ̀rọ, kò ní di omi tí wọn yóò fi wẹ òkú yín. Àṣẹ.

Mo mú àgádágodo. Àgádágodo kì í bá olè jà, ó kàn ń jẹ́ kí olè bá ilẹ̀kùn ní títì. Ikú tó ń gba inú wáyà wọlé, kó bá ilẹ̀kùn yín ní títì. Ṣùgbọ́n àgádágodo kì í dìde lọ ti ara rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ tí yóò tì í ni mò ń wúre fún. Kí ẹ tó fọ ẹ̀rọ, kí iyè yín sọ láti pa á. Kí iyè yín tún sọ pé pípa níbi bọ́tìnnì kò tó, kí ẹ lọ dé ìdí súwíìṣì ńlá tí iná ń gbà wọlé, kí ẹ já a níbẹ̀, kí ẹ sì ti àgádágodo mọ́ ọn. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà tó ń dá tan fúnra rẹ̀ bí NEPA bá mú iná, kí ẹ má gbàgbé tirẹ̀. Ilé onílẹ̀kùn méjì ni, ẹni tó ti ọ̀kan kò tíì ti ilé.

Kí Olódùmarè fi ojú inú hàn yín agbára tó sá pamọ́ lẹ́yìn tí iná bá lọ: afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù, ọ́ìlì tó ń ti irin sókè, sípíríǹgì tó ká jọ, irin wúwo tó rọ̀ lókè tó ń wá ibi tí yóò já sí, oru gbígbóná tó kún inú ìkòkò irin, kẹ̀kẹ́ ńlá tí eré rẹ̀ kò tíì tán. Orí ejò tí a ti gé ṣì lè bu ni ṣán. Kí ẹ tú afẹ́fẹ́ dànù, kí ẹ gbé ohun tó wà lókè sọ̀kalẹ̀, kí ẹ dúró de kẹ̀kẹ́ títí yóò fi sinmi. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì wò. Bí ẹ̀rọ bá dáhùn, ẹ dúpẹ́ pé bọ́tìnnì ló dá lóhùn, kì í ṣe ìka yín. Bí kò bá dáhùn, ẹ wọlé tọ̀ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jáde ní pípé.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1989 ni wọ́n ti kọ títi ẹ̀rọ pa báyìí sílẹ̀ bí òfin. Ọjọ́ tí mo gbọ́, mo ní kí n fi ìka ka iye ọdún tó wà láàárín ìgbà náà àti ọdún 2013 tèmi. Ìka tó kù fún mi kò tó o kà. Kí ohun tí ọmọ aráyé ti mọ̀ má pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Àṣẹ.

Mo mú kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ kan, ẹ̀mí kan. Bí ẹni márùn-ún bá wà nídìí ẹ̀rọ kan, kí àgádágodo márùn-ún wà lára rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ márùn-ún wà nínú àpò márùn-ún. Ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ tì, kò ní sí ẹni tí yóò bá ọ ṣí i. Ọ̀gá tó ń kánjú kò ní rí kọ́kọ́rọ́ kejì lò. Ọ̀rẹ́ tó rò pé o ti lọ jẹun kò ní tan án lé ọ lórí. Ìwọ fúnra rẹ ni wà á padà wá, ìwọ fúnra rẹ ni wà á ṣí i, ọwọ́ tí o fi ṣí i náà ni wà á fi gba ọmọ tó sáré wá pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Àṣẹ.

Mo mú páálí pupa. Ohun tí a kọ sára rẹ̀ kò pọ̀: “Ènìyàn wà nínú rẹ̀. Má tan án.” Kí ẹni tó mọ̀wé kà á, kí ẹni tí kò mọ̀wé rí àwọ̀ rẹ̀ kó dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń jáde, kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ pamọ́ fún ẹni tí ń wọlé. Ibi tí àwọn ti àná bá àwọn ti òní pàdé ni jàǹbá fẹ́ràn láti jókòó sí. Kò ní bá àyè níbẹ̀. Àṣẹ.

Mo mú àkísà. Àkísà kò jọ nǹkan, ṣùgbọ́n irin tó ń yí kò mọ̀ pé àkísà ni. Bó bá ti mú etí rẹ̀, ọwọ́ yóò tẹ̀ lé e kí ojú tó ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbọ̀wọ́ tí a wọ̀ kí ọwọ́ má baà gé: nídìí irin tó ń yí, ìbọ̀wọ́ ni í fa ọwọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún yín pé kí ẹ máa nu irin nígbà tó ń yí kí iṣẹ́ lè yá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́, kí ẹnu yín má ṣe wúwo láti sọ pé rárá. Kí búrọ́ọ̀ṣì onígi gígùn má wọ́n yín. Kí irin ààbò tí ẹ yọ padà sí àyè rẹ̀ kí iná tó padà sí wáyà. Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti ọdún 1987 sọ pé ibi tó bá léwu lára ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ohun tó bò ó. Ohun tí òfin bò, kánjúkánjú kò ní ṣí i sílẹ̀. Kí wọ́n ka àkókò ìfọ̀ mọ́ àkókò iṣẹ́, kí wọ́n san owó rẹ̀, nítorí ìfọ̀ tí a jí àkókò rẹ̀ ṣe ni í jí ènìyàn gbé. Àṣẹ.

Wàyí o, mo mú ìwé àti bírò. Ẹ sún mọ́ mi, ìwúre yìí ló gùn jù, òun ni ẹnikẹ́ni kò ṣe fún mi.

Bí ibi bá fi ọgbọ́n kọjá gbogbo ohun tí a ti gbé sókè, tó fi kan ẹnikẹ́ni nínú yín, kí ahọ́n yín má kú mọ́ ẹnu. Òfin Owó Gbà-má-bìínú Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 sọ pé láàárín ọjọ́ 14 ni kí ẹni tó fara pa ti sọ fún ọ̀gá, tàbí máníjà, tàbí sùpáfáísọ̀, tàbí ẹni tó ń tọ́jú ọgbẹ́ níbi iṣẹ́: ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, ní èdè tí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ọjọ́ 14 kò ní kọjá lórí ẹ̀jẹ̀ yín láìsọ. Agbanisíṣẹ́ náà, láàárín ọjọ́ 7 ni kó fi tó NSITF, àjọ tó ń tọ́jú àpò owó náà, létí. Ọjọ́ 7 kò ní bá a lórí irọ́. Láàárín ọdún kan ni ìwé ìbéèrè fún owó náà gbọ́dọ̀ ti wọlé. Ọdún kò ní yí po lórí oorun yín. Tèmi yí po, mo sì ń sùn. Kí tiyín má rí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ.

Bí wọ́n bá ní káṣúà ni ọ́, pé orúkọ rẹ kò sí nínú ìwé, kí o rántí pé òfin náà ka káṣúà, ó ka ọmọ iṣẹ́, ó ka ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́, ó ka ẹni tí wọ́n fi ẹnu lásán gbà síṣẹ́. Ẹni tí òfin kà, kò sí ẹni tí yóò yọ ọ́. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló ní kí o ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ìtìjú má pa ọ́ lẹ́nu mọ́, nítorí òfin náà kò ní kí o kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀gá jẹ̀bi kó tó tọ́jú rẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ nínú owó oṣù rẹ pé ti NSITF ni, kí ojú rẹ là: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ni agbanisíṣẹ́ ń san sí àpò náà, àpò ara rẹ̀ ló sì ti gbọ́dọ̀ wá. Bí wọ́n bá gbé ìwé wá pé kí o tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé o ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ, kí bírò wúwo lọ́wọ́ rẹ. Òfin kò fún òṣìṣẹ́ láyè láti bá ọ̀gá ṣàdéhùn pé òun kò gba mọ́. Ìwé tí mo tọwọ́ bọ̀ yẹn, pépà lásán ni. Ọdún mélòó kan ni mo fi bẹ̀rù pépà lásán. Ìbẹ̀rù yẹn kò ní jẹ ogún yín. Àṣẹ.

Wọ́n ń pè é ní owó gbà-má-bìínú. Orúkọ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Inú ì báà bí mi, inú ì báà má bí mi, ẹ̀tọ́ ni. Ẹni tí jàǹbá sọ di aláìlè-ṣiṣẹ́ mọ́ pátápátá, òfin ní kí ìdá 90 nínú 100 owó tó ń gbà máa wọlé fún un. Opó tí ọkọ rẹ̀ kú sẹ́nu iṣẹ́, tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 90 nínú 100 ni a kọ fún òun náà. Mi ò gbàdúrà pé kí ẹnikẹ́ni nínú yín gba owó yẹn. Mo gbàdúrà pé kí ẹni tí ó tọ́ sí má pàdánù rẹ̀ nítorí pé kò mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Àṣẹ.

Ẹ̀yin tí ọgbẹ́ ti wà lára yín tẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́ tiyín. Ilé ìwòsàn Ìgbòbí ní Èkó ti ń to egungun láti ọdún 1945; kí ọwọ́ àwọn oníṣègùn ibẹ̀ máa rọjú fún yín. Egungun tó ṣẹ́, kó jinná. Èyí tó lọ pátápátá, kí irin àti ike tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ bá ara yín mu. Kí ìyàwó yín má fi ojú àánú wò yín títí ojú náà yóò fi di ojú ẹ̀gàn. Kí ọmọ yín má fi yín ṣe ìtàn ìbànújẹ́. Ibi tí ẹ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n rí iṣẹ́ mìíràn tó bá ara yín mu fún yín, kì í ṣe kí wọ́n pa géètì dé mọ́ yín. Àṣẹ.

Ẹ̀yin ọ̀gá, mi ò gégùn-ún fún yín. Kí ọjà yín tà, kí owó oṣù má wọ́n yín san. Ṣùgbọ́n kí àgádágodo má wọ́n yín rà, nítorí owó àgádágodo kò tó owó pósí. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ yín bá ní, “Ọ̀gá, n kò ní fọ ẹ̀rọ yìí bí a kò bá tì í pa,” kí etí yín gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ràn yín. Ẹ̀yin tí ìjọba rán wá wo ilé-iṣẹ́, orílẹ̀-èdè wa tọwọ́ bọ àdéhùn ILO lórí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1994. Kí ẹsẹ̀ yín dé ìdí ẹ̀rọ, kó má dúró sí ọ́fíìsì níbi tí àpòòwé ti ń pààrọ̀ ọwọ́. Ohun tí ojú yín bá rí, kí gègé yín kọ ọ́. Àṣẹ.

Ó tó. Ẹ fún ọmọ tó kéré jù nínú yín ní àgádágodo yìí àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tirẹ̀ ni láti òní lọ. Ẹ pín obì.

Kí ẹ tó wọlé, gbogbo yín, ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ẹ ka ìka yín sókè, kí n gbọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń kà, mẹ́jọ ni tèmi, mo sì dúpẹ́ lórí mẹ́jọ. Iye tí ẹ kà wọlé lówùúrọ̀ yìí, iye náà ni ẹ ó kà jáde lálẹ́, iye náà ni ẹ ó kà délé.

Àṣẹ.